Ta ló ni ẹ̀rọ tí ẹ ò lè tú? Ẹ̀kọ́ tí katakata àtijọ́ kan kọ́ mi

Lóṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, mo sọ fún gbogbo èèyàn pé mò ń lọ sinmi ní Amẹ́ríkà. Mo ní n óò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ń gbé nítòsí ìlú South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana. Mo ti fọkàn ya àwòrán ìsinmi náà: oúnjẹ, fíìmù, oorun, kí n tún sùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa padà sí Èkó, gírísì ti wọ abẹ́ èékánná mi débi pé obìnrin tó ń bá mi tún un ṣe ní Súrùlérè bi mí bóyá mo ti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé àwàdà ni.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, abuké tí mo rí sì jẹ́ irin, ó pupa, ó dagbó, ó sì ti sùn lábẹ́ tapólì fún ọdún mẹ́fà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni bọ̀dá mi mú mi lọ sílé màmá òyìnbó kan tí ilé wọn jẹ́ ìkẹta sí tiwa. Ọkọ màmá yìí ti kú. Màmá ń múra láti kó lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ mìíràn níparí oṣù, wọ́n wá kó àwọn ẹrù tí wọn ò fẹ́ mọ́ síwájú ilé, wọ́n ń tà wọ́n. Nínú gáréèjì ni bọ̀dá mi ti rí ohun pupa yẹn. Ó jọ katakata tí wọ́n fi ń roko, àfi bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tó sún kì. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju ìdodo mi lọ. Wọ́n kọ Wheel Horse sí i lára.

Màmá ní dọ́là 150 làwọn máa gbà, àmọ́ àdéhùn kan wà ńbẹ̀. Bọ̀dá mi ò gbọdọ̀ gé e tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n tún ní tó bá ṣeé ṣe, àwọn fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i káwọn tó kó lọ. Ọjọ́ 12 ló kù.

Mo kàwé òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo fi ń jẹun báyìí. Mo rọra sọ fún bọ̀dá mi lédè wa pé irú àdéhùn ẹnu bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbé e lọ sí kóòtù? Bọ̀dá mi wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti na ọwọ́ sí màmá. Wọ́n ti bọwọ́. Ó parí.

Kí ni katakata ọgbà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà kó kúrò láàárín ìgboro lọ sí ilé tó ní ilẹ̀ gbalasa yíká. Ilẹ̀ náà tóbi ju ohun tí èèyàn lè máa ti ẹ̀rọ gékoríko lé lórí lójoojúmọ́, kò sì tó ohun tí èèyàn máa ra katakata ńlá fún. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rí àlàfo yẹn. Lọ́dún 1946, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cecil Pond bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Wheel Horse ní South Bend níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1961, International Harvester ti gbé Cub Cadet tirẹ̀ dé ọjà. Lọ́dún 1963, John Deere náà gbé èyí tí wọ́n pè ní 110 jáde láti Horicon ní ìpínlẹ̀ Wisconsin.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ so abẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, á máa gé koríko. Ẹ so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, á kọ ebè fún yín. Tí òtútù bá dé, ẹ gbé irin pẹlẹbẹ síwájú rẹ̀, á máa ti yìnyín kúrò lọ́nà.

Iléeṣẹ́ Wheel Horse ti yí ọwọ́ lẹ́yìn náà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ AMC rà á lọ́dún 1974, Toro sì rà á lọ́dún 1986. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nígbà yẹn kò kú. Àwọn èèyàn kan wà káàkiri Amẹ́ríkà tó fi ṣe afẹ́ pé kí wọ́n máa wá wọn rí nínú gáréèjì àti lẹ́yìn ilé, kí wọ́n tú wọn palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, kí wọ́n kùn wọ́n lọ́dà, kí wọ́n sì máa lò wọ́n. Lóṣù Kẹfà ọdọọdún, àwọn olólùfẹ́ Wheel Horse máa ń kó tiwọn lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arendtsville ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania láti fi hàn ara wọn, bí àwa ṣe ń fi aṣọ ẹbí han ara wa. Àwọn mìíràn máa ń dá ọjọ́ tí gbogbo wọn á jọ kó katakata kéékèèké lọ túlẹ̀ lóko ẹnì kan. Kò sówó níbẹ̀. Ìgbádùn ni.

Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní àìríṣẹ́ṣe ni.

"Lọ́yà, wá di ibí mú"

Nọ́ọ̀sì ni bọ̀dá mi, alẹ́ ni wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹbí wa kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí JAMB ń yọ wọ́n lẹ́nu, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bàbá wọn kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Tí àlejò bá béèrè wọn, wọ́n á ní ó lọ sí lẹ́sìn. Bọ̀dá mi sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, àmọ́ mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi í yangàn nínú ẹbí. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ni.

A ti katakata náà dé gáréèjì. Bọ̀dá mi nu irin kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà jáde: Kohler, K181, agbára ẹṣin 8. Wọ́n pa àtẹ́wọ́.

"Lọ́yà, jẹnẹrétọ̀ tó ní táyà lèyí!"

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti lórúkọ mìíràn mọ́. Lọ́yà, gbé sípánà yẹn wá. Lọ́yà, tan iná síbí. Lọ́yà, wá di ibí mú.

Òfin bọ̀dá mi kò ju mẹ́ta lọ, ó sì rọrùn ju gbogbo òfin tí mo kọ́ ní yunifásítì lọ. Ẹ́ńjìnnì irú èyí nílò epo tó mọ́, iná tó ń ta lásìkò tó yẹ, àti kí písítìnì lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa. Tó bá kọ̀ tí kò jí, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló sọnù. Ẹ má ra nǹkan kan, ẹ má bínú, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó sọnù.

A kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì. Bọ̀dá mi da ọ́ìlì díẹ̀ síhò rẹ̀, wọ́n ní ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọdún mẹ́fà, ẹ ò gbọdọ̀ fipá jí i; ara lè ti dì í, ríìngì písítìnì lè já. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọwọ́ rọra yí i. Ó yí. Mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń já fùù níbi ihò plọ́ọ̀gì. Ọ̀kan wà.

Ó kan iná. A ṣí ibi tí kọ́ńtáàtì wà, irin méjì kékeré tó ń pàdé, tó ń pínyà, tí iná fi ń ta lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Wọ́n ti dúdú. Bọ̀dá mi fi sáńpépà fífẹ́lẹ́ nù wọ́n, wọ́n sì to àlàfo àárín wọn sí ìwọ̀n tí ìwé Kohler sọ, 0.020 íńṣì, ìyẹn bí ìdajì mìlímítà kan. Wọ́n ní kí n yí ẹ́ńjìnnì. Iná aláwọ̀ búlúù ta pà lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Mo pariwo bí ọmọdé. Èjì wà.

Epo ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Bẹntiróòlù tó wà nínú táǹkì ti di nǹkan bí oje igi, ó ń rùn bí ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní ethanol tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì máa ń fa omi mọ́ra tó bá pẹ́ nílẹ̀. Ìpẹtà wà nínú táǹkì. A da fínígà sí i mọ́jú, a fi omi ṣan án, a sá a sóòrùn. A tú kábúrétọ̀. Wáyà kọ́pà fífẹ́lẹ́ ni bọ̀dá mi fi ń yọ ìdọ̀tí inú ihò rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí n lo abẹ́rẹ́, torí irin abẹ́rẹ́ le, ó lè mú ihò náà fẹ̀, epo á wá máa pọ̀ jù.

Lábẹ́, a tú ọ́ìlì jíà jáde. Ó ń ṣàn bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bọ̀dá mi ní omi ti wọ ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ibi rọ́bà tó wà nídìí ọ̀pá jíà, torí rọ́bà náà ti sán. A fọ inú rẹ̀, a da ọ́ìlì tuntun sí i, a pààrọ̀ rọ́bà.

Ibo la ti rí gbogbo ìmọ̀ yìí? Inú ìwé ni. Ìwé tí iléeṣẹ́ tẹ̀ jáde fún ẹni tó ra ẹ̀rọ nígbà yẹn, tó ní àwòrán gbogbo bóòtù àti nọ́ńbà rẹ̀. Toro ṣì fi ìwé Wheel Horse àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Bóòtù tí mo já

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀. Bọ̀dá mi ti lọ sùn lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n máa tú salẹ́ńsà, kí n fín òróró síbi bóòtù rẹ̀, kí n sì ní sùúrù. Mo fín in lẹ́ẹ̀kan. Mo fi sípánà sí i. Kò mì. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó dún "pọ́ọ̀". Orí bóòtù bọ́ sọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ kú sínú ẹ́ńjìnnì.

Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Bọ̀dá mi kò bú mi. Wọ́n kàn mí kanlẹ̀, wọ́n ní a máa fi ẹ̀rọ lu bóòtù náà láàárín, a sì máa fà á jáde. Ìyẹn gbà wá lọ́jọ́ méjì. Bí a ṣe ń dúró de irin ìluhò ni mo wá kíyè sí ẹ̀rọ mìíràn tó wà ní igun gáréèjì náà. Tuntun ni. Ó ń dán. Ọdún mẹ́rin péré ni bọ̀dá mi ti rà á láti máa fi gé koríko ilé wọn.

Mo ní, "Èyí ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ìyẹn ti kú."

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú o. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí iná ló jó. Ṣọ́ọ̀bù tó ń bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ní àwọn ò lè ta bọ́ọ̀dù náà lọ́tọ̀, àfi odidi ohun tó gbé e sínú, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹ̀rọ tuntun. Bọ̀dá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àwòrán bí wáyà ṣe lọ han àwọn, kí àwọn fọwọ́ ara àwọn tún un ṣe. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ti àwọn òṣìṣẹ́ àwọn nìkan ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọkùnrin kan jókòó sáàárín ẹ̀rọ méjì. Èyí tí wọ́n ṣe láyé àwọn bàbá wa, ó lè tún un ṣe. Èyí tó fi owó ara rẹ̀ rà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, wọn ò jẹ́ kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú méjèèjì, èwo gan-an ló jẹ́ tirẹ̀?

Ohun tí òfin ń bá jà

Ní ọdún kìíní tí a kọ́ nípa ohun ìní, olùkọ́ wa sọ fún wa pé níní nǹkan kì í ṣe kí nǹkan wà lọ́wọ́ ẹni. Ó jẹ́ àkójọ ẹ̀tọ́: ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti jèrè rẹ̀, láti tà á, láti yí i padà, kódà láti bà á jẹ́ tó bá wù yín. Tí ẹnì kan bá rọra yọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti san gbogbo owó, ẹ ṣì máa pe ara yín ní onínǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ayálégbé.

Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń ja ìjà yìí jù. Katakata ńlá òde òní kún fún kọ̀ǹpútà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1998 kò fàyè gba kí èèyàn já àgádágodo tí iléeṣẹ́ fi sí sọ́fítíwià. Ẹ fojú inú wò ó: irúgbìn ti pọ́n lóko, katakata dákú, mẹkáníìkì wà ní ẹ̀gbẹ́ oko, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwià. Lọ́dún 2015, ìjọba àpapọ̀ wọn fàyè sílẹ̀ pé ẹni tó ni ọkọ̀ tàbí katakata lè wọ sọ́fítíwià rẹ̀ láti tún un ṣe. Lọ́dún 2023, ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin tó kan ẹ̀rọ oko ní tààràtà. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, dandan ni kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà máa pèsè ìwé ìtọ́sọ́nà, irinṣẹ́, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti sọ́fítíwià fún àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì òmìnira. Lóṣù Kìíní ọdún 2025, FTC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje òwò, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Illinois àti Minnesota, gbé John Deere lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe yìí. Iléeṣẹ́ náà ní ẹ̀sùn ọ̀hún kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

John Deere kan náà tó ṣe 110 lọ́dún 1963 ni o, ẹ̀rọ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ Mọ́kọ́lá lè tú pẹ̀lú sípánà mẹ́fà.

Ilẹ̀ Yúróòpù náà ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe lọ́dún 2024, lórí nǹkan bí ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti fóònù, pẹ̀lú ìlànà pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2026. Ìdí tí mo fi ń ka ọdún wọ̀nyí fún yín ni pé ẹ̀tọ́ yìí kò jábọ́ láti ọ̀run. Àwọn tí ọwọ́ wọn dọ̀tí ló béèrè fún un.

Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé ìdà kejì

Àwọn iléeṣẹ́ ní ẹjọ́ tiwọn, kò sì yẹ ká dibọ́n pé wọn ò ní. Ẹ̀rọ tuntun kì í tú èéfín tó pọ̀ tó ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀rọ tuntun tún ní ohun kan lábẹ́ ìjókòó tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó ń wà á bá ṣubú. Wheel Horse wa kò ní i. Tí ẹ bá já bọ́ lórí rẹ̀, abẹ á máa yí lọ. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà a fi omi sí sáńpépà, a sì bo imú wa. Bọ̀dá mi kò sì jẹ́ kí n tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì fún ìṣẹ́jú kan péré. Àwa tí a dàgbà sídìí jẹnẹrétọ̀ mọ ìdí rẹ̀. A ti gbọ́ nípa ìdílé tó sùn tí wọn ò jí.

Afẹ́ ẹni tó láàyè náà sì ni. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mushin, ibo ló fẹ́ gbé katakata sí? Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ kì í ṣe pé àtijọ́ dára ju tuntun lọ. Ààbò àti ìmọ́tótó kò ní kí wọ́n fi ìwé ìtọ́sọ́nà pamọ́. Kò sí èéfín tó dín kù torí pé wọ́n kọ̀ láti ta bọ́ọ̀dù kan fún bọ̀dá mi. Dípò bẹ́ẹ̀, odidi ẹ̀rọ tó ṣì dára ń lọ sórí ààtàn.

Ó kàn wá nílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwa la kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló jẹ́ kí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975, di ọkọ̀ gbogbo ọ̀nà nílẹ̀ yìí? Ó lágbára, òótọ́ ni. Àmọ́ ibi yòówù kó kú sí, mẹkáníìkì abẹ́ igi wà níbẹ̀ tó lè tú u. Ìjàpá Volkswagen náà ńkọ́? Ọ̀nà kan náà. Kí ló gbé ọjà Ládìpọ̀ ró? Ìgbàgbọ́ pé ohun tó bàjẹ́ lára nǹkan kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni.

Ìgbàgbọ́ yẹn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Fóònù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. Ínfátà tó jẹ́ pé tó bá jó, wọ́n á ní "ẹ ra òmíràn." Ọkọ̀ tókunbọ̀ tí mẹkáníìkì tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò lè fọwọ́ kàn torí pé kò ní ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀. A ń fi owó tí kò tó ra nǹkan tí kò ní tọ́jọ́, a sì ń pe ara wa ní aráyé òde òní.

Òfin FCCPA ti ọdún 2018 ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà láti gba ọjà tó dára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa fi kún un ni ẹ̀tọ́ àtúnṣe tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ketekete: ẹni tó bá ta ẹ̀rọ fún wa gbọ́dọ̀ ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lówó tó bójú mu, kó sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kà á. Kí wọ́n tó ṣe é, àwa náà lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà. Ṣé mo lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́tọ̀? Ìwé tó ṣàlàyé inú rẹ̀ dà? Ṣé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí yín lè tú u? Tó bá kùn, tí kò rí nǹkan sọ, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ohun kejì le ju òfin lọ. Ẹ jẹ́ ká yé fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pamọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ́ ẹ sí bí a ṣe ń lọ sí ìgbà tí wọ́n bá ń pe èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ní lọ́yà. Tí àwọn yẹn bá tán nílẹ̀, ẹ̀tọ́ àtúnṣe á kàn di ìwé lásán.

Ìró rẹ̀

Ọjọ́ kọkànlá, nírọ̀lẹ́, a ti katakata náà dé iwájú ilé màmá. Àwọn páálí ti kún iwájú ilé. Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bọ̀dá mi fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó yí, ó húkọ́, ó tú èéfín, ó kú. Mo wo ilẹ̀. Bọ̀dá mi fa ṣóòkì díẹ̀, wọ́n tún yí i.

Ó gbé e. Dúgú-dúgú-dúgú-dúgú. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí àgbàlagbà tó ń jó.

Mo rò pé màmá máa sunkún. Wọn ò sunkún. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé irin orí rẹ̀, wọ́n tẹ́tí, wọ́n sì mirí. Wọ́n ní, "Ó ń sáré jù. Ọkọ mi kì í jẹ́ kó sáré tó báyìí."

Bọ̀dá mi mú sukudiráfà lápò. Wọ́n yí ìdè kékeré kan lára kábúrétọ̀, díẹ̀, díẹ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Dúgú… dúgú… dúgú…

Màmá ní, "Ó tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dún."

Mo ti padà sílé báyìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi tó ti kú láti bí ọdún méjì, mo sì ti ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi gẹ́gẹ́ bí irin àlòkù. Mi ò wá a mọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò wa ti ṣèlérí pé òun máa wá jókòó tì mí ní Sátidé tó ń bọ̀ kí n fọwọ́ ara mi tú u. Ó ní òun máa gbowó ìkọ́ṣẹ́ o, torí lọ́yà kì í gba èèyàn ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ní kò burú. Mo ti ra sáńpépà.